Ọkọ̀ Irin Ráúfù àti Ọkọ̀ Agolo Tèmi

Ẹ̀wà ni mo ń ṣà láàárọ̀ Sátidé tó kọjá nígbà tí Nímọ́tà, ọmọ mi obìnrin, na fóònù rẹ̀ sí mi pé kí n wá wo ọkọ̀. Ọkọ̀ eré ìje ni, ó fẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa fàyà wọ́lẹ̀. Bí mo ṣe rí i ni mo rántí ọkọ̀ kan tó jọ ọ́.

Bọ̀ọ̀dá Sàlámì, àbúrò bàbá mi, ló mú un bọ̀ láti ìlú òyìnbó nígbà Iléyá kan tí mo wà lọ́mọdé. Ọkọ̀ irin kékeré tí ọmọdé fi ń ṣeré ni, kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ráúfù ẹ̀gbọ́n mi ló fún. Bọ̀ọ̀dá ṣàlàyé fún wa pé ọkọ̀ ńlá tí wọ́n wò ṣe é, ilé iṣẹ́ dìídì ṣe é fún eré ìje tí wọ́n ń sá láti ọ̀sán di ọ̀sán ọjọ́ kejì, tí àwọn awakọ̀ ń gbà á lọ́wọ́ ara wọn. Bàbá mi, òṣìṣẹ́ rélùwéè, rẹ́rìn-ín. "Ohun tí mo ń sọ fún yín nìyẹn. Kì í ṣe ẹni tó yára ló ń débẹ̀, ẹni tí kò kú sọ́nà ni."

Kíá la ṣètò eré tiwa: ká máa fi okùn fa ọkọ̀ yí ilé po, láti ìgbà tí wọ́n bá kírun Àsárì tán títí wọn yóò fi pe Màgàríbà. Ẹni tí okùn ọkọ̀ tí táyà rẹ̀ ṣì ń yí bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà náà ni yóò jókòó níwájú ọkọ̀ Bọ̀ọ̀dá lọ sí Ìlọrin lọ́jọ́ kejì. N kò jókòó níwájú ọkọ̀ rí láyé mi.

Agolo mílíìkì ni tèmi. Mo gé sílípáàsì tó ti gbó, mo fi irin gbígbóná lu ihò sí i, mo fi ṣe táyà. Òórùn róbà jíjóná gba gbogbo àgbàlá. Àwọn ọmọkùnrin àdúgbò bá Ráúfù lọ. Ìyá Àgbà nìkan ló dara pọ̀ mọ́ mi, wọ́n ní àwọn fẹ́ na ẹsẹ̀.

"Ìyá, ẹ ò ní láísẹ́ǹsì!" ni Ráúfù pariwo nígbà tí Ìyá Àgbà so okùn ọkọ̀ wa mọ́ ọ̀pá ìtìlẹ̀ wọn.

"Ìwọ tó o ní láísẹ́ǹsì, nu imú ẹ ná."

Ráúfù ń ré wa kọjá, ó ń yọ ahọ́n. Àmọ́ ó ti da epo pupa sí ìdí táyà kí ó lè máa yọ̀. Iyanrìn lẹ̀ mọ́ epo, táyà gan. Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, ńṣe ló ń wọ́ ọkọ̀ irin náà nílẹ̀ bí àgbò tó ti rí ọ̀bẹ. Táyà tiwa náà ń yọ. Mo ń tì í bọ̀ ọ́ padà, Ìyá Àgbà sì ń fà á lọ.

Wọ́n pe Màgàríbà. Ọwọ́ Ìyá Àgbà ni okùn wà.

"Èmi ni mo borí," ni wọ́n wí. "Èmi ni n ó jókòó níwájú."

Òfin ni, n kò lè jiyàn. Mo sunkún títí oorun fi gbé mi lọ. Lọ́jọ́ kejì, Ìyá Àgbà jókòó síwájú lóòótọ́, wọ́n ní òtútù ń mú itan àwọn, kí wọ́n gbé mi lé e. Láti Ọ̀fà dé Ìlọrin, gbogbo ọ̀nà ni mo fi ojú ara mi rí.

Ọmọ tí mo jẹ́ nígbà yẹn ì bá fi gbogbo ẹran Iléyá rẹ̀ ra ìjókòó yẹn. Lónìí mo ní ọkọ̀ tèmi, n kì í sì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan sítíárì rẹ̀, àní Nímọ́tà tó ti mọ ọkọ̀ wà láti èṣín. Nígbà tí mo sọ ìtàn náà fún un tán, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó wá na ọwọ́ sí mi.

"Mọ́mì, ẹ gbé kọ́kọ́rọ́ wá. Ìlọrin tí à ń lọ lọ́la, èmi ni mo máa wa ọkọ̀. Ẹ̀yin ẹ ṣáà máa wo ojú ọ̀nà."