Ọ̀dẹ̀dẹ̀ Tí Wọn Kò Tà Fún Wa

Òjò òwúrọ̀ ọjọ́ náà kò ní ariwo. Láti ìgbà tí àkùkọ ti kọ́kọ́ kọ ló ti ń rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kò sí ààrá, kò sí mànàmáná, ojú ọ̀run funfun bí omi ẹ̀kọ. Ọ̀nà pupa iwájú ilé wa ti di ẹrẹ̀. Òtútù mú débi pé èéfín ààrò kò lè gòkè, ńṣe ló ń rá kiri nílẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé. Mo dùbúlẹ̀, mo ń gbọ́ bí omi ṣe ń já bọ́ láti orí páànù, mo sì ti mọ̀ pé wọn yóò pọ̀ lọ́jọ́ náà.

Àwọn tó ń lọ ṣiṣẹ́ ní Ọ̀wọ̀ ni mò ń sọ. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí a ṣe dé àárín wọn.

Ọmọ Àkókó ni ọkọ mi. Iṣẹ́ ìjọba ló ń ṣe ní Ọ̀wọ̀, ó ń gbé fáìlì láti orí tábìlì ọ̀gá kan dé ti òmíràn. Yàrá kan ṣoṣo là ń gbé níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ, onílé wa sì kórìíra òfì mi bí ẹni kórìíra ìgbẹ́. Ọmọ Imeri ni èmi. Ìyá mi ló kọ́ mi ní aṣọ híhun, lórí òfì àwa obìnrin, èyí tó máa ń dúró lóòró bí ilẹ̀kùn. Kíjìpá ni mò ń hun. Kì í ṣe eré, òun ni mo fi ń ra ìwé àti aṣọ ilé ẹ̀kọ́ fún àwọn ọmọ.

Ìgbà tí a gbọ́ pé ilé kan wà fún títà ní abúlé kan tí kò jìnnà sí Upenmen, a lọ wò ó. Láyé ìgbà yẹn, ẹni tó bá ra ilé, ńṣe ni wọ́n máa ń wò ó bí ẹni tí kò ní ìlú. Gbogbo èèyàn ló ń kọ́ ilé, ta ló ń rà á? Ṣùgbọ́n lọ́rì bọ́lẹ̀kájà kan máa ń gba ibẹ̀ kọjá lọ sí Ọ̀wọ̀ láràárọ̀, ó sì máa ń padà ní ìrọ̀lẹ́. Ọkọ mi ní òun lè máa lọ, kí òun sì máa bọ̀.

Ó fi ọwọ́ gbá ògiri, ó wo páànù. Èmi, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni mò ń wò. Ó gùn, ó kọjú sí ibi tí oòrùn ti ń yọ, òrùlé tirẹ̀ lọ́tọ̀ sì wà lórí àwọn òpó igi. Inú ilé ló ṣókùnkùn, nítorí òrùlé ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà wálẹ̀ jù, ó bo ojú fèrèsé. Ẹni tó bá fẹ́ ki òwú bọ abẹ́rẹ́ ní pálọ̀, àfi kó tan àtùpà lọ́sàn-án. Àmọ́ níta, èèyàn lè rí fọ́nrán òwú kọ̀ọ̀kan. Mo sọ nínú ara mi pé ibi tí n ó máa jókòó hunṣọ títí n ó fi darúgbó nìyí. Ìdí tí mo fi ní kí ọkọ mi sanwó nìyẹn.

Bàbá tó jẹ́ olórí ẹbí tó nilé ló ta ilé náà fún wa. Kò sọ fún wa pé ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn ni èrò Ọ̀wọ̀ ti ń dúró de lọ́rì.

Òwúrọ̀ àkọ́kọ́ tí mo ṣílẹ̀kùn, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kún fọ́fọ́. Mo rò pé ẹnì kan ló kú. Mo fẹ́ figbe ta. Obìnrin kan tó ń ṣe kúùkù ní ilé ẹ̀kọ́ kan ní Ọ̀wọ̀ jókòó sórí àpótí mi, ó na ẹsẹ̀.

"Ìyàwó," ó ní, "ṣé o jí ire? Omi dà?"

Mo kúnlẹ̀, mo kí gbogbo wọn, mo bu omi wá. Ó fi fọ ẹnu, ó tu ú sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe bẹ̀rẹ̀. Láràárọ̀ ni wọ́n ń dé kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa. Wọ́n á jẹ pákò, wọ́n á tutọ́, wọ́n á nu ẹrẹ̀ ẹsẹ̀ wọn sí ẹnu ọ̀nà mi, èmi ni n ó sì gbá a. Bí mo bá gbé òfì síbẹ̀, wọ́n á fẹ̀yìn tì í. Bí mo bá gbé e kúrò, á di nǹkan bí agogo mẹ́sàn-án kí n tó tún un tò tán. Ìyàwó, gbé àga wá. Ìyàwó, ṣé kò sí iná tí a lè yá? Ta ni mo jẹ́ ìyàwó fún nínú wọn?

Ọkọ mi fẹ́ràn ìjókòó náà. Òun náà á jáde, á jókòó láàárín wọn, wọ́n á jọ máa sọ̀rọ̀ ọ̀gá wọn.

Ní òwúrọ̀ òjò tí mo ń sọ yìí, aṣọ kan wà lórí òfì tó kù díẹ̀ kí n parí. Ìyá kan ní Ọ̀wọ̀ ló ní kí n hun ún, ọmọ rẹ̀ obìnrin ń lọ sílé ọkọ. Mo ti gbé òfì náà sí ìkángun pátápátá, mo fi ẹní bò ó. Nígbà tí mo ṣílẹ̀kùn, kò sí ibi tí ẹsẹ̀ lè tẹ̀. Àwọn tó máa ń dúró sábẹ́ igi tẹ́lẹ̀ ti wọlé tán nítorí òjò. Ọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń la pákó, onígi la máa ń pè é, wọ́ ewúrẹ́ dání, ó ní ti àna òun ni. Ó wò yíká, ó ká ẹní mi kúrò, ó so ewúrẹ́ mọ́ ẹsẹ̀ òfì.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́," mo ní, "ẹ má so ó mọ́ òfì mi."

"Ìyàwó wa, ewúrẹ́ yìí níwà jù ọ́ lọ. Kò ní ṣe nǹkan kan."

"Ẹ̀gbọ́n, aṣọ oníṣẹ́ ló wà lórí ẹ̀."

Kúùkù dá sí i. "Òfì mi, òfì mi! Bí ẹni pé òfì ló gbé e níyàwó."

Gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ọkọ mi náà rẹ́rìn-ín. Mo rí eyín rẹ̀.

Mo bẹ̀rẹ̀ láti tú okùn náà fúnra mi. Ibẹ̀ ni mo wà tí lọ́rì fi yọ, tó fun fèrè. Ẹ̀rù ba ewúrẹ́, ó fò sókè, ó sì fa òfì lulẹ̀ kúrò lórí ọ̀dẹ̀dẹ̀, gbì, sínú ẹrẹ̀. Òwú já tàtàtà. Gbogbo wọn dìde lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n ń sáré lọ wọ ọkọ̀, ẹni tí kò bá lè gba ẹ̀gbẹ́ kọjá ń fò ó. Ẹnì kan kò fò ó tán, ipa ẹsẹ̀ rẹ̀ wà láàárín aṣọ ìyàwó yẹn. Onígi bẹ̀rẹ̀, ó yẹ ẹsẹ̀ ewúrẹ́ rẹ̀ wò.

"Pẹ̀lẹ́ o, ìyàwó wa," ó ní. "A dúpẹ́, kò fara pa."

Ọkọ mi wo òfì, ó wò mí, ó wo lọ́rì. Ó ṣí agboòrùn rẹ̀, ó lọ wọ lọ́rì.

Mo ti gbọ́ tí àwọn ọmọ mi ń sọ pé àwọn kò rí ibi tí inú ti bí mi rí. Wọn kò sí lójúfò láàárọ̀ ọjọ́ yẹn ni. Kì í ṣe ariwo ni mò ń pa bí inú bá bí mi. Ọwọ́ mi ló máa ń tutù. Mo gbé òfì wọ inú pálọ̀ tó ṣókùnkùn, mo fọ aṣọ náà nínú omi òjò, àbàwọ́n pupa yẹn kò jáde. Lẹ́yìn náà mo wé gèlè mi, mo lọ bá Bàbá tó ta ilé.

Ó ń jẹ iṣu sísun. Láti ìgbà tí a ti dé, èdè wọn ló fi máa ń bá mi sọ̀rọ̀, mo sì máa ń fi ti Imeri dá a lóhùn, a kì í ṣi ara wa gbọ́. Mo kúnlẹ̀, mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, mo ní kí ó bá wa sọ fún wọn kí wọ́n wá ibòmíràn dúró sí. Ó gbé iṣu sílẹ̀, ó wú ikọ́, ó sì yí ahọ́n padà sí Yorùbá tí wọ́n fi ń ka Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì, èyí tí wọ́n máa ń fi bá wolé-wolé sọ̀rọ̀.

"Arábìnrin," ó ní.

Arábìnrin! Ẹni tó ń pè mí ní ìyàwó láti ọjọ́ yìí.

"Arábìnrin, ilé ni a tà fún yín. A kò ta ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bàbá wa ló kọ́ ọ kí gbogbo ìlú lè máa jókòó."

"Bàbá, ara ilé kan náà ni. Òrùlé rẹ̀ kàn mọ́ ògiri wa."

"Ó lè kàn mọ́ ọn. Ìyẹn kò sọ ọ́ di tiyín."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ kí n gbọ́ ọ dáadáa."

"Ọ̀dẹ̀dẹ̀ jẹ́ tiwa," ó ní, ó sì mú iṣu rẹ̀.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ kí n bu omi fún wọn láràárọ̀, ìyàwó ni mí. Bí mo bá béèrè ohun tí mo rà, mo di arábìnrin. Ó ti pẹ́ gan-an tí Bàbá yẹn ti kú, inú ṣì ń bí mi sí i.

Ní ìrọ̀lẹ́, ọkọ mi dé. Kò wọlé tààrà, ó kọ́kọ́ pẹ́ lẹ́nu ọ̀nà níbi tó ti ń tú bàtà rẹ̀.

"Ìyá ọmọ mi, ṣe sùúrù," ó ní. "Àlejò ni wá níbí."

"Ṣé owó àlejò ni wọ́n gbà lọ́wọ́ wa?"

"Bí a bá bá wọn jà, wọ́n lè ní kí dírẹ́bà má dúró gbé mi mọ́. Kí ni n ó fi dé ibi iṣẹ́?"

"Ẹ ti rí òfì tó wó, ẹ sì wọ ọkọ̀."

Mo gbé oúnjẹ fún un. Ó rò pé ọ̀rọ̀ ti tán.

Lọ́jọ́ kejì, òjò dá. Mo jẹ́ kí wọ́n jókòó, mo bu omi fún wọn bí mo ṣe ń ṣe. Kúùkù tilẹ̀ ní ojú mi gún régé lónìí. Nígbà tí lọ́rì gbé gbogbo wọn lọ, ọkọ mi pẹ̀lú, mo gbé àkàbà láti ẹ̀yìnkùlé, mo mú hámà, mo gun òrùlé ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìṣó náà ti dípẹtà, àmọ́ igi ti jẹrà díẹ̀, wọ́n ń jáde. Mo tú páànù kọ̀ọ̀kan, mo rù ú lórí, mo gbé e lọ sí iwájú ilé Bàbá. Lẹ́yìn páànù, mo gbé igi àjà. Lẹ́yìn igi àjà, mo hú òpó, mo wọ́ wọn lọ.

Bàbá jáde. Èdè wọn ti padà sí i lẹ́nu. "Kí lo ń ṣe yìí, ìyàwó?"

"Ọ̀dẹ̀dẹ̀ yín ni, Bàbá. Ó wà lára ilé wa."

Ó ní kí n kó o padà. Mo ní rárá. Ó ní òun á pe ọkọ mi. Mo ní kò burú, ó ń bọ̀ ní ìrọ̀lẹ́.

Nígbà tí mo padà délé, ìmọ́lẹ̀ ti gba ojú fèrèsé wọlé, ó dé ògiri òdìkejì pálọ̀. Mo rí ilé aláǹtakùn tí n kò rí láti ọjọ́ tí a ti kó wọbẹ̀. Mo gbá gbogbo rẹ̀, mo gbé òfì náà nàró síbẹ̀, mo gé aṣọ tó bàjẹ́ kúrò, mo sì na òwú tuntun sórí rẹ̀ láti tún aṣọ ìyàwó náà hun.

Ìrọ̀lẹ́ ni lọ́rì dé. Mo gbọ́ kúùkù níta: "Yéè! Ẹ wá wo nǹkan!" Onígi ń pe orúkọ Ọlọ́run. Ọkọ mi wọlé, ó dúró lẹ́yìn mi. Ó bi mí pé níbo ni òun yóò ti máa dúró de lọ́rì nígbà òjò.

Mo ní n kò mọ̀. Mo ní kí ó sún kúrò níwájú fèrèsé, nítorí ojúmọmọ ṣì kù díẹ̀, mo sì fẹ́ na òwú náà tán.