Omi Òkè Kànga Ní Ìbà

Òórùn pákí tí wọ́n rẹ sómi ló kọ́kọ́ kí wa nígbà tí a wọ agboolé náà ní Ìbà. Owó epo ti dé nígbà náà, wọ́n ń la ọ̀nà Badagry, típà sì ń kó iyanrìn lẹ́yìn ìlú láràárọ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gboyè ni. Àwa mẹ́ta la jọ ń ṣèwádìí ilẹ̀ àgbègbè náà: ẹnì kan ń wo erùpẹ̀, ẹnì kan ń wo igi àti koríko, omi ni tèmi. Ìwé tí a bá kọ pọ̀ ni àwọn aláṣẹ yóò fi pinnu bóyá kí àwọn oníyanrìn gbẹ́lẹ̀ sún mọ́ ilé sí i, torí kòtò tó bá jìn lè fa omi iyọ̀ ọ̀sà wọ inú kànga.

Màmá kan tó ń ṣe fùfú ló ni kànga tó sún mọ́ kòtò iyanrìn jù. Bí mo ṣe bu omi lókè, wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

“Akọ̀wé, omi òjò lo bù yẹn! Jẹ́ kí korobá ẹ kanlẹ̀. Ìsàlẹ̀ niyọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀.”

“Ẹ má bínú, mà. Bí a ṣe ń bù ú ní gbogbo kànga nìyẹn, láti Ọ̀jọ́ dé Okokomáíkò.”

“Ó dáa. Kí ìwé ẹ wá bá mi rẹ pákí lẹ́ẹ̀rùn.”

Bí àwọn obìnrin ibẹ̀ ṣe ń ṣe é nìyẹn: bí òjò bá ń kásẹ̀ nílẹ̀, wọn a fa omi ìsàlẹ̀, wọn a tọ́ ọ wò, wọn a tu ú dànù, wọn a sì mọ irú omi tí ẹ̀ẹ̀rùn yóò bá wọn. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò. Ahọ́n kì í ṣe ohun èlò ìwọ̀n, bí mo bá sì yí ọ̀nà padà níbì kan, n kò ní lè fi kànga kan wé èkejì. Àlàyé yẹn tọ́, ó ṣì tọ́ títí di òní. Ṣùgbọ́n kò sí ohun tó ní kí n má fa korobá kejì. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ti wọkọ̀, wọ́n ń pè mí ni. Mo kọ ọ́ pé: omi kànga yìí dára, kò níyọ̀. Àwọn aláṣẹ fọwọ́ sí i, àwọn oníyanrìn sì gbẹ́lẹ̀ dé ẹ̀yìn ilé ìdáná màmá náà.

Lẹ́ẹ̀rùn, èmi nìkan ni mo padà lọ. Odidi àgbá pákí méjì ni wọ́n ti dà nù sẹ́bàá ògiri. Màmá kò pariwo. Wọ́n bu omi kànga náà sínú abọ́, wọ́n nà án sí mi.

“Mu ún.”

Mo mu ún. Iyọ̀ ni.

“Mà, mi ò purọ́...”

“Mo mọ̀. Ohun tó ń dùn mí gan-an nìyẹn. Ká ní o máa ń purọ́ ni, wọn ì bá má gbà ẹ́ gbọ́.”

N kò lè búra pé kòtò yẹn nìkan ló fa iyọ̀. Ọ̀sà kò jìnnà, ẹ̀ẹ̀rùn ọdún náà sì pẹ́. Àmọ́ mo mọ gbólóhùn tó yẹ kí n kọ: omi òkè kànga yìí dára. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo fò. Ẹni tó ni kànga ti sọ ọ́ fún mi, mo sì ní ahọ́n kì í ṣe ohun èlò ìwọ̀n.