Èbù Mẹ́fà Tí Mo Fi Gún Iyán

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi fara dà á. Ọwọ́ mi kò yá sí ìwé kíkọ, ọ̀rọ̀ kì í sì í tètè jáde lẹ́nu mi. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìkan ni mo lè sọ.

Mo rántí ìgbà tí òjò kọ̀ ní abà wa fún ọdún méjì léra. Iṣu kò ta, kòkó wọ́wé, àwọn ará abà sì ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi ku àwa àti bàbá kan tí oko wọn bá tiwa pààlà. Nígbà tí oúnjẹ tán, bàbá mi ní ká lọ forí pamọ́ sí Adó títí òjò yóò fi padà. A gba yàrá kan ní Òkè-Ìlá. Bàbá mi ń po sìmẹ́ńtì fún àwọn bíríkìlà, ìyá mi ń bá wọn yan gàrí. Èmi ń lọ sí ilé-ìwé, mo sì ń rò pé mo ti di ọmọ ìgboro nítorí pé mo wọ sálúbàtà.

Agbọ̀n èbù kan ni a gbé kúrò lábà. Irú iṣu tí bàbá bàbá mi ń gbìn ni, kò sí lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Púpọ̀ jẹrà, ó ku mẹ́fà, kéékèèké. Bàbá mi a máa yí wọn padà láràárọ̀ bí ẹni ń tọ́jú ọmọ tuntun. Ebi pa wá, a kò fọwọ́ kàn wọ́n. Àwọn àgbà ní ẹni tó jẹ èbù, ọdún tó ń bọ̀ ló jẹ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo ti ilé-ìwé dé, mo bá bàbá tí a jọ pààlà lẹ́nu ọ̀nà, eruku bò wọ́n dé orúnkún. Bàbá mi ni wọ́n wá rí. Kò sẹ́ni nílé, gàrí nìkan ló sì wà. Lọ́dọ̀ wa, kí àgbàlagbà ti ọ̀nà jíjìn wá, kí a gbé ẹ̀bà síwájú wọn, ìtìjú ni. Ọmọ tó láyà ì bá sọ pé, “Bàbá, ẹ má bínú, kò síṣu.” Èmi kò lè sọ ọ́. Mo bẹ èbù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ìyá mi a máa gé orí iṣu sọ́tọ̀ fún gbígbìn, ṣùgbọ́n wọ́n kéré, mo sì fẹ́ kí iyán pọ̀, mo bá sè é torí tìdí. Ewúrẹ́ onílé jẹ èèpo. Mo gún un títí kò fi ní kókó, inú mi ń dùn.

Bàbá mi wọlé bí àlejò ti ń fọwọ́.

“Ọmọ rẹ gún iyán bí abiyamọ,” ni àlejò wí. “Mo ti ń rò pé gàrí lẹ ó fi pa mí l'Ádó níbí. Irú uṣu yìí, mo ṣe bí abà wa nìkan ló wà.”

Bàbá mi rẹ́rìn-ín, wọ́n sì wo igun ilé tí agbọ̀n èbù wà. Ẹ̀rín náà dúró lẹ́nu wọn.

Àlejò wá jíṣẹ́. Òjò ti rọ̀. Bàbá tó ni ilẹ̀ tí gbogbo abà wa ń dá oko sí ti ń pín in padà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá mú èbù dání nìkan ni yóò fún, torí àwọn tó kọ́kọ́ dé lọ́wọ́ òfo kò rí nǹkan gbìn. Bàbá mi ní àwọn ti gbọ́. Wọ́n sin àlejò sọ́nà, wọ́n padà wá jókòó.

“Gbogbo ẹ̀ náà ni?”

“Ẹ̀n, bàbá.”

“Orí wọn ńkọ́?”

Mo nawọ́ sí odó.

“Àlejò lo ṣe é fún. Kò burú.”

Ì bá sàn kí wọ́n nà mí. Èbù wà ní Ọjà Ọba, ọwọ́ wa ni kò tó o. A kò padà sí abà mọ́. Bàbá mi ṣì ń po sìmẹ́ńtì, ẹ̀yìn wọn ti tẹ̀. Títí di bí mo ti ń kọ èyí, n kò tíì bẹ̀ wọ́n, torí ojú ṣì ń tì mí. Gbólóhùn kan péré ni ǹ bá sọ fún àlejò náà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì tí àlejò lọ, n kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo ká aṣọ ilé-ìwé mi sábẹ́ ẹní, mo gbé garawa, mo tẹ̀lé àwọn obìnrin tó ń pọnmi fún àwọn bíríkìlà, bóyá mo lè rí owó ra èbù.