Aṣọ Ògì Ìyá Ọkọ Mi

Ara mi kì í tètè balẹ̀. Bí mo bá fẹ́ ra ẹ̀wà lọ́jà, mo máa ń tú u dé ìsàlẹ̀ kí n tó sanwó. Bí ẹnì kan bá kí mi ju bó ṣe yẹ lọ, mo máa ń bi ara mi pé kí ló ń wá. Ọkọ mi mọ̀ mí bẹ́ẹ̀, ó sì máa ń fi ṣe mí yẹ̀yẹ́. Ìdí nìyẹn tó fi dùn mí wọra nígbà tí òun náà wá ń fura sí mi, nínú ilé tí a jọ kọ́, nítorí ọtí inú ike kan.

Nígbà tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ tí a padà wá sí Ìlá, mo rò pé oko ni yóò máa lọ bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Fóònù ló gbájú mọ́. Ibẹ̀ ló ti rí àwọn òyìnbó tó ń pọn bíà lẹ́yìnkùlé wọn, ló bá ní òun náà yóò pọn ọ́n.

Mo ní, "Ní Ìlá níbí, tí ẹmu ò wọ́n? Kí lẹ fẹ́ fi ìyẹn ṣe?"

Ó ní ọ̀pẹ ló ń ṣe ẹmu, òun fẹ́ ohun tí òun máa fi ọwọ́ ara òun ṣe.

Èmi kì í mutí. Ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ti tọ́ mi dàgbà kò fàyè gbà á. Ṣùgbọ́n mi ò bá a jà o, àdúrà ni mo gbà. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, níbi tí gbogbo wa ti ń ṣe àdúrà ìdílé, mo ké tantan pé, "Olúwa, ohunkóhun tó bá máa kó ìtìjú wọ ilé yìí, bà á jẹ́ láti ìpìlẹ̀!" Ìyá ọkọ mi, tí wọ́n ń gbé lọ́dọ̀ wa, ṣe àmín kíkankíkan. Ọkọ mi kò ṣe àmín. Nígbà tó máa fi di ọ̀sẹ̀ kejì, ọtí àkọ́pọ̀n rẹ̀ ti kan, ó ń rùn bí omi ògì tí wọ́n gbàgbé.

(Ìyá ọkọ mi ni mò ń pè ní "wọ́n" níbí, mo sì ń pe ọkọ mi ní "ó" kí ó lè yé ẹni tó ń kà á. Lójúkojú, mi ò jẹ́ dán an wò.)

Bó ṣe ń pọn ọ́n nìyí. Ọkà bàbà tó ti hù tí ó sì ti gbẹ ni yóò lọ̀, yóò rẹ ẹ́ sínú omi gbígbóná, yóò sẹ́ èèrí rẹ̀ kúrò, yóò wá gbé omi rẹ̀ kaná. Bó bá ń hó, yóò da òdòdó gbígbẹ kan sí i, èyí tí ọmọ wa ń fi ránṣẹ́ láti Èkó. Họ́ọ̀pù ni wọ́n ń pè é, ó sì korò ju ewúro tí a kò fọ̀ lọ. Bí gbogbo rẹ̀ bá ti tutù, yóò fi asẹ́ wáyà sẹ́ pàǹtí òdòdó náà kúrò bó ṣe ń da omi rẹ̀ sínú ike funfun, yóò bu ìwúkàrà sí i, yóò sì dé e pa. Ìsẹ́ yìí ló gbà á lọ́kàn jù. Asẹ́, ike, ìdérí, gbogbo rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ fi omi híhó ṣàn. Ó ní bí ọwọ́ lásán bá lè kan ọtí náà lẹ́yìn tó ti tutù, kòkòrò tí ojú kò rí máa wọ inú rẹ̀, ó sì máa kan. Síbẹ̀, ojú asẹ́ rẹ̀ fẹ̀. Ìfọ́ òdòdó a máa yọ́ gba ibẹ̀ kọjá, a sì léfòó sórí ọtí nínú ike.

Yàrá ìkẹ́rùsí ni ike náà ń wà. Ọkọ mi ní kọ́kọ́rọ́ ibẹ̀, èmi ní, ìyá rẹ̀ náà ní, nítorí èlùbọ́ wọn wà níbẹ̀.

Nígbà tí ọtí tún kan, ó wò mí tìtì, ó ní, "Àdúrà wo lo tún gbà?" Mo rẹ́rìn-ín, mo rò pé eré ni. Nígbà tí òmíràn tún kan, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. A ń jẹun àárọ̀ lọ́wọ́ ló ní kí n mú ìdì kọ́kọ́rọ́ mi wá. Ó yọ ti yàrá ìkẹ́rùsí kúrò lára rẹ̀ lójú ìyá rẹ̀, ó sì fi í sápò.

"Bí o bá fẹ́ mú nǹkan níbẹ̀," ó ní, "sọ fún Màmá."

Mo wọ kíchìnì lọ, mo sunkún. Ìyá rẹ̀ tọ̀ mí wá, wọ́n gbá mi lẹ́yìn pẹ̀lẹ́, wọ́n ní, "Ìyàwó mi, yí àdúrà yẹn padà, jọ̀ọ́." Àwọn náà gbà pé èmi ni!

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń ṣọ́ gbogbo ilé. Mo fura sí ọmọ tó ń bá wa pọnmi, mo fura sí aládùúgbò tó máa ń yọjú láti orí fẹ́ǹsì. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo mu ẹ̀kọ, ó korò. Ìyá ọkọ mi ló ń ṣe ògì tí à ń mu nílé. Òun ni wọ́n tà títí wọ́n fi tọ́ ọmọ wọn di olùkọ́, kò sì sẹ́ni tí ògì rẹ̀ ń kúnná tó tiwọn ní gbogbo agbègbè wa. Mo gbé ife kalẹ̀. Èrò tó kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn kò dáa: mo ní ìyá yìí ti fi nǹkan sí oúnjẹ mi. Àfi bí àwọn náà ṣe bu tiwọn nínú ìkòkò kan náà, wọ́n mu ún, wọ́n yínmú, wọ́n ní, "Àgbàdo ọdún yìí mà korò o."

Mo lọ síbi tí wọ́n sá aṣọ ìsẹ́ ògì wọn sí. Mo tú etí rẹ̀ wò. Ìfọ́ òdòdó họ́ọ̀pù ló há sójú rírán rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí ọkọ mi tún pọntí, ó sẹ́ ẹ tán, ó dé e, ó fi sẹ́lótéèpù lẹ etí ìdérí yípo, ó wá gun ọ̀kadà lọ kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní Ìgbájọ. Mo jókòó sí kíchìnì níbi tí mo ti lè rí yàrá ìkẹ́rùsí, mo ń ṣa ẹ̀wà. Kò pẹ́ tí ìyá ọkọ mi fi gbé agbada àti aṣọ ògì wọn débẹ̀. Wọ́n rọra ṣí sẹ́lótéèpù kí ó má baà já. Wọ́n wo inú ike, wọ́n mi orí.

"Wo bí ewé ṣe kún orí rẹ̀," ni wọ́n ń dá sọ. "Ọkùnrin, kí ló mọ̀ nínú ìsẹ́?"

Wọ́n da ọtí sórí aṣọ, wọ́n ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ dé ìgbọ̀nwọ́, wọ́n ń rò ó, wọ́n ń fún un, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń sẹ́ ògì. Wọ́n lọ́ aṣọ náà títí kò fi kán mọ́. Wọ́n dà á padà sínú ike, wọ́n sì lẹ sẹ́lótéèpù bó ṣe wà.

Mo dìde, mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́, Màmá."

Wọ́n yíjú sí mi kíá. "Ìyàwó mi, má sọ fún un o. Ojú máa tì í. Kò mọ̀ ọ́n sẹ́, mi ò sì lè sọ fún ọkùnrin nínú ilé rẹ̀ pé kò mọ nǹkan ṣe. Ìwọ ló yẹ kó bá a sẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n o ò fẹ́ràn ọtí. Ni mo ṣe ń bá yín ṣe é."

Ọ̀rọ̀ ti dé ẹnu mi: ọwọ́ yín ló ń bà á jẹ́. Mo gbé e mì. Ní ìlú tiwa, ta ló máa sọ ìyẹn fún arúgbó? Kò sẹ́ni tó máa gbọ́ ọ tó máa rántí kòkòrò tí ojú kò rí. Ohun mìíràn ni àwọn ènìyàn máa gbọ́, orúkọ mìíràn ni wọ́n sì máa fún Màmá títí Màmá á fi wọ sàréè. Bí mo bá sọ fún ọkọ mi, òun gan-an ló máa pariwo ọ̀rọ̀ yẹn, tí aládùúgbò máa na etí sí i láti orí fẹ́ǹsì. Inú ń bí mi, síbẹ̀ mi ò lè ṣe é.

Ọtí yẹn náà kan.

Nígbà tó tún fẹ́ pọn òmíràn, mo ní, "Ẹ jẹ́ kí Màmá bá yín sẹ́ èèrí ọkà yẹn kí ẹ tó gbé e kaná. Ọwọ́ wọn mọ̀ ọ́n. Ẹ sì jẹ́ ká bọ irú aṣọ wọn sínú omi híhó, kí ẹ fi tẹ́ inú asẹ́ yín lẹ́yìn tó bá tutù, kí òdòdó má baà kọjá mọ́."

Ó wojú mi. "Ìgbà wo lọ̀rọ̀ ọtí wá kàn ọ́?"

Mo ní kò kàn mí. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ ti ń fún ìró mọ́dìí. Wọ́n sẹ́ èèrí títí inú wọn fi dùn, kò sì sí ewu níbẹ̀, nítorí iná ń bọ̀ lẹ́yìn ọwọ́ wọn. Nígbà tí omi náà tutù, ọkọ mi fi aṣọ tí a ti bọ̀ nínú omi híhó tẹ́ inú asẹ́, ó sẹ́ ẹ, ó sì dé e. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, mo rí Màmá tí wọ́n tún lọ ṣí ìdérí díẹ̀. Wọn ò rí ewé kankan lórí rẹ̀. "Ó ti mọ̀ ọ́n," ni wọ́n sọ, wọ́n sì dé e padà.

Ọtí yẹn dára. Ọkọ mi bu ú sínú gíláàsì ní pálọ̀, ó gbé e sókè síhà fèrèsé, ó mu ún, ó di ojú. Ó wá ki ọwọ́ bọ àpò, ó yọ kọ́kọ́rọ́ mi jáde, ó nà án sí mi.

"Mo mọ̀ pé lọ́jọ́ tí o bá jáwọ́, ó máa dára," ó ní. "Ó ti tán. Mi ò bínú mọ́."

Ìyá rẹ̀ na ọwọ́ méjèèjì sókè. "Ọlọ́run ló bá wa bá ìyàwó mi sọ̀rọ̀! Mo ti ń gbàdúrà sí i."

Mo wo ọwọ́ wọn lókè níbẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo gba kọ́kọ́rọ́ mi, mo ní, "Ẹ ṣé, sà."