Ọrùn Ọwọ́ Tó Ń Yára Tú

Ọdún tí mo pé mẹ́tàdínlọ́gọ́ta ni dókítà wo ẹ̀jẹ̀ ríru mi, ó mí kanlẹ̀, ó ní kí n wá nǹkan tí yóò máa gbé mi dìde lórí àga. Iṣẹ́ tí mo ń ṣe nígbà náà ni mo ṣì ń ṣe dòní: èmi ni mo ń yẹ ilé tuntun wò kí wọ́n tó gba onílé láyè láti kó wọlé. Lápá Brandywine, ní Amẹ́ríkà níbí, níbi tí ilé ti ń hù bí olú, mo lè wọ ilé mẹ́jọ lóòjọ́, ṣùgbọ́n inú ọkọ̀ ni mo ń jókòó sí láti ọ̀kan dé èkejì. Ìyàwó mi, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ní kí n kúkú máa rìn yí adágún Lake Arbor ká, ṣebí ìdí ẹ̀ la ń gbé. Mo rìn ín fún ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn pẹ́pẹ́yẹ ibẹ̀ mọ̀ mí, èmi náà mọ̀ wọ́n, ọ̀rọ̀ wá tán láàárín wa.

Àsìkò yẹn ni ọ̀gbẹ́ni kan tó ń fẹ̀yìn tì ní ọ́fíìsì wa gbé àpò igi gọ́ọ̀fù rẹ̀ fún mi. Ìyàwó mi wo àpò náà bí ẹni ń wo àlejò tí kò sọ ọjọ́ tí yóò padà. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ náà kò le. Bọ́ọ̀lù wà nílẹ̀, kò sá lọ. Igi wà lọ́wọ́. Kí ló tún kù?

Ohun tó kù pọ̀.

Ẹni tó kọ́kọ́ rí i pé ó pọ̀ ni aládùúgbò mi, obìnrin adúláwọ̀ ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà kan tó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ó ti fi ẹsẹ̀ pín lẹ́tà káàkiri ìlú Clinton fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó fẹ̀yìn tì, ó sì ti ń gbá gọ́ọ̀fù láti ìgbà tí irú rẹ̀ kò wọ́pọ̀ lórí pápá. “Ma” ni mo ń pè é. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo pè é bẹ́ẹ̀, ó wẹ̀yìn wò bóyá ẹlòmíràn ni mo ń bá wí. Nígbà tó yá, ó mọ́ ọn lára.

Láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ ló ti ń wo bí mo ṣe ń hú koríko ẹ̀yìnkùlé mi. Ó gbé ife kọfí rẹ̀ dání, ó rìn wá, ó béèrè bóyá iṣu ni mo fẹ́ gbìn àbí nǹkan míì. Mo ní gọ́ọ̀fù ni. Ó ní kí n tún un ṣe kí òun rí i. Mo gbé igi sókè, mo sọ ọ́ sílẹ̀, erùpẹ̀ fò.

Ó ní, “Ọwọ́ rẹ ti ná gbogbo agbára rẹ̀ tán lókè. Kó tó dé ọ̀dọ̀ bọ́ọ̀lù, kò sí nǹkan kan lápò rẹ̀ mọ́.”

Ó wá ṣàlàyé fún mi. Bí èèyàn bá gbé igi sókè, ọrùn ọwọ́ á ká. Bí apá bá ń padà bọ̀ nílẹ̀, kí ọrùn ọwọ́ ṣì wà ní kíká títí tí ọwọ́ yóò fi dé ẹ̀gbẹ́ itan. Ibẹ̀ gan-an ló ti yẹ kó tú, kí orí igi sáré jáde lọ bá bọ́ọ̀lù. Tèmi kì í dúró. Ọwọ́ mi kò tíì dé èjìká tí ọrùn rẹ̀ fi ń tú bí okùn ṣòkòtò ọmọdé.

Nígbà tí mo gbọ́ pé kò yẹ kó tètè tú, mo fún igi náà mọ́wọ́ débi pé kò tú rárá. A lọ sí pápá ìdánrawò, gbogbo bọ́ọ̀lù tí mo gbá ló yà sọ́tùn-ún wọ inú igbó, mo sì ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń lu igi kiri nínú ibẹ̀. Aládùúgbò mi bo ojú rẹ̀. Ó ní, “Mo ní kó o dúró dè é. N kò ní kó o tì í mọ́lé.”

Ọ̀rọ̀ náà wá di àìsàn sí mi lára. Níbikíbi tí mo bá dúró sí, ọwọ́ mi ń ká, ó ń tú. Mo fi ìwé ìròyìn tí mo ká ṣe é ní ọ́fíìsì. Mo fi agbòòrùn ṣe é níbi tí mo ti ń yẹ ilé wò, tí kọ́lékọ́lé kan dúró tó ń wò mí. Lọ́jọ́ kan mo mú ọmọrogùn ní kíṣìnì, mo gbé e sókè, iná tó so rọ̀ lókè tábìlì fọ́ yángá. Ìyàwó mi ti páálọ̀ wá, ó wo ilẹ̀, ó wo ọmọrogùn, ó wò mí.

“Dádì, ilé onílé lẹ ń yẹ̀ wò. Ẹ má wó tiyín.”

Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ karùn-ún, mo fi igi lu ilẹ̀ líle ní pápá, ọrùn ọwọ́ mi ọ̀tún sì wú. Ìyàwó mi fi báńdéèjì dì í, ó ní n kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan igi gọ́ọ̀fù títí ọjọ́ mẹ́wàá. Ìyẹn kọ́ ló dùn mí. Ohun tó dùn mí ni pé ọjọ́ kẹrin ẹ̀ jẹ́ ọjọ́ Sunday.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Àwa ọkùnrin ìjọ wa máa ń ka Bíbélì pọ̀ láàárọ̀ Saturday, ó sì ti tó oṣù kan tí mo ti ní iṣẹ́ kò jẹ́ kí n wá. Gọ́ọ̀fù ni iṣẹ́ náà. Nítorí náà, nígbà tí Màmá Ìjọ dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, tí wọ́n di ọwọ́ tó ní báńdéèjì mú, tí wọ́n ní kí ló ṣe é, mo sọ pé mo yọ̀ lórí àtẹ̀gùn ilé kan tí mo lọ yẹ̀ wò. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin ni wọ́n, wọ́n ti ṣe ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ l'Ọ́yọ̀ọ́ rí. Wọ́n wò mí lójú, wọ́n sì ní àwọn máa gbàdúrà.

Mo rò pé ó parí síbẹ̀. Kò parí. Ẹgbẹ́ àwọn ìyá gbé ọ̀rọ̀ náà wọ inú àdúrà. Wọ́n ní gbogbo àtẹ̀gùn tí ọ̀tá bá tẹ́ sílẹ̀ de bàbá yìí, kó wó. Wọ́n gbààwẹ̀ ọjọ́ Wednesday nítorí mi. Èmi fúnra mi jẹun lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ìrẹsì náà kò wọlé dáadáa. Ìyàwó mi ti sọ fún mi nínú ọkọ̀ láti ọjọ́ Sunday yẹn pé òun kò ní parọ́, òun kò sì ní tú mi fó. “Ẹ̀yin lẹ máa fẹnu yín sọ fún wọn.”

Ọjọ́ mẹ́wàá pé. Ọrùn ọwọ́ ti san. Láàárọ̀ Saturday, ìyàwó mi lọ síbi iṣẹ́, mo tú báńdéèjì, mo wọ ìbọ̀wọ́ gọ́ọ̀fù mi, mo to àwọn bọ́ọ̀lù oníke fúyẹ́fúyẹ́ sí ẹ̀yìnkùlé. Aládùúgbò mi jókòó sórí àga, ó gbé ẹsẹ̀ kan lé èkejì, ó ń ṣe bí ọ̀gá. Mo gbé igi sókè. Ibi tó ti dé òkè gan-an ni mo ti rí Màmá Ìjọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, tí wọ́n gbé ìgò ọbẹ̀ ata gbígbóná dání. Ọmọ wọn ló já wọn sílẹ̀. Wọ́n ti tẹ aago ẹnu ọ̀nà títí, n kò gbọ́.

Kò sí ibi tí mo lè fi igi náà pamọ́ sí. Mo sọ ọ́ sílẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀ tòun tìbọ̀wọ́.

Màmá wo igi, wọ́n wo àwọn bọ́ọ̀lù, wọ́n wá fi ohùn pẹ̀lẹ́ bi mí pé, “Ṣé àtẹ̀gùn náà nìyí?”

Mo sọ gbogbo rẹ̀. Mo sọ ti Saturday, mo sọ ti iná tó fọ́, kódà mo sọ ti ìrẹsì Wednesday. Aládùúgbò mi kò gbọ́ èdè tí mo fi ń ké, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé nǹkan ń ṣẹlẹ̀. Ó dìde, ó fi àga rẹ̀ fún Màmá, ó lọ gbé òmíràn wá. Mo ń retí ìbáwí. Màmá jókòó, wọ́n gbé ìgò ọbẹ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ wọn, wọ́n ní kí n máa bá ohun tí mo ń ṣe lọ.

Mo gbá mẹ́ta. Kò sí èyí tó dára níbẹ̀.

“Ilé ìwé wo lo lọ?”

Mo ní Ìbàdàn ni, Màmá.

“Wọn ò jẹ́ kẹ́ ẹ ṣán koríko níbẹ̀ ni?”

Mo ní wọ́n ń ṣán an. Àmọ́ èmi ni mo ń lu agogo, wọ́n máa ń yọ alágogo sílẹ̀.

Màmá ní, “Ó hàn.”

Wọ́n wá yíjú sí aládùúgbò mi, wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì ọ̀gá ilé ìwé sọ fún un pé ọgbọ̀n ọdún ni àwọn fi dúró lórí àwọn ọmọ tó ń ṣán koríko, kò sì sí irú ọwọ́ tí àwọn kò tíì rí. Ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ bá nà tán lókè, atẹ́gùn ló ń gé. Ọmọ tó bá mọ̀ ọ́n ṣán, àdá rẹ̀ á pẹ́ lẹ́yìn ọwọ́. Ọwọ́ á kọ́kọ́ kọjá, àdá á wá fi ìbínú tẹ̀lé e. Aládùúgbò mi na ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ní ohun tí òun ti ń sọ fún ọkùnrin yìí láti ohun tó lé ní ọ̀sẹ̀ márùn-ún sẹ́yìn nìyẹn. Láti ìṣẹ́jú yẹn lọ, mo di ọmọ ilé ìwé tó ní ọ̀gá méjì.

Màmá béèrè bóyá àdá wà nílé. Ọ̀kan wà ní géréèjì, èyí tí mo fi ń tọ́jú ebè ilá mi. Lẹ́yìn ọgbà wa, létí gọ́tà, koríko kan wà níbẹ̀ tí ó ti ga dé orúnkún. Wọ́n ní kí n bọ́ sí i. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo ń ṣán, wọ́n ń wò mí láti orí àga, wọ́n sì ń mu tíì tí aládùúgbò mi lọ sè. Fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, koríko kàn ń tẹ̀ síwájú mi ni, kò gé. Nígbà tó yá ó rẹ̀ mí. Apá mi kò lágbára láti máa ṣe àṣejù mọ́, ó kàn ń wálẹ̀ fúnra rẹ̀, àdá ń wọ́ tẹ̀ lé e. Ìgbà náà ni mo gbọ́ ọ: fààà! Ìdì koríko kan ṣubú lẹ́ẹ̀kan náà, ìdí rẹ̀ mọ́ tónítóní. Mo tún un ṣe, ó tún ṣubú. Ọrùn ọwọ́ mi ló tú yẹn, létí itan, láìjẹ́ pé mo sọ fún un.

Aládùúgbò mi sọ ife rẹ̀ kalẹ̀. Ó ní kí a wọ ọkọ̀ kíákíá kí ara mi tó gbàgbé. Báyìí ni mo ṣe gbé ìyá méjì lọ sí pápá ìdánrawò, tí òógùn ń ro lára mi, tí koríko wà lára ṣòkòtò mi, tí Màmá jókòó níwájú pẹ̀lú ìgò ọbẹ̀ wọn.

Bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́, n kò tilẹ̀ mọ̀ pé mo kan án. Kò ta ọwọ́ mi, kò gbọ̀n apá mi. Ó kàn dún pá, bí ìgbà tí èèyàn ṣẹ́ igi gbígbẹ. Nígbà tí mo gbójú sókè, ó ti wà lókè réré, ó ń lọ ní gbọọrọ, kò yà sọ́tùn-ún, kò yà sósì. Mo dúró bí ẹni tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ lórí rédíò. Omi fẹ́ bọ́ lójú mi, n kò sì lè sọ ìdí rẹ̀. Mo yíjú padà wo àwọn ọ̀gá mi méjèèjì.

Màmá ní, “Tún un ṣe.”

Èkejì yí lọ lórí ilẹ̀ bí ọsàn tó já bọ́ nínú apẹ̀rẹ̀. Ẹ̀kẹta wọ igbó. Ẹ̀kẹrin fò.

Nígbà tí mo ń gbé Màmá padà sílé, wọ́n sọ fún mi pé àwọn obìnrin wọ̀nyẹn fi ebi pa ara wọn nítorí mi, èmi náà sì mọ ohun tó kàn. Lọ́jọ́ Sunday, nígbà ìkéde, mo dìde. Mo ní kò sí àtẹ̀gùn kankan, gọ́ọ̀fù ni mo ń gbá tí mo fi igi lulẹ̀, ẹ forí jì mí. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá wá béèrè bóyá ọwọ́ náà ti san. Mo ní ó ti san, mà. Ó ní a jẹ́ pé Ọlọ́run gbọ́, ibi tó wù kí èèyàn ti ṣubú. Ẹ̀rín sọ láti ẹ̀yìn dé iwájú. Lẹ́yìn ìsìn, àlùfáà wa fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo rò pé ìbáwí ló kàn. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá pápá náà máa ń ṣí lọ́jọ́ Monday ni.

Mo ti padà sídìí Bíbélì kíkà. Aago mẹ́wàá la ń parí, lẹ́yìn rẹ̀ mo máa ń gbé àwọn ìyá mi méjèèjì, a ó forí lé pápá. Nínú bọ́ọ̀lù mẹ́wàá, mẹ́rin ń fò dáadáa báyìí, márùn-ún bí n kò bá ronú. Wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ wò mí mọ́. Ọ̀rọ̀ ọmọ, ọ̀rọ̀ orúnkún, ọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe ń fi oorun sílẹ̀ kùtùkùtù láti pín lẹ́tà tàbí láti ṣí ilé ìwé, ìyẹn ni wọ́n ń sọ. Aládùúgbò mi ti ń kúnlẹ̀ díẹ̀ kí Màmá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúnkún kan ṣoṣo ló gbà fún un.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Màmá dédé dìde lórí àga, wọ́n na ọwọ́ sí mi pé kí n gbé igi tó kéré jù wá. Wọn kò bọ ìbọ̀wọ́, wọn kò bọ́ gèlè. Wọ́n gbé igi náà sókè díẹ̀, kò kọjá ìbàdí, wọ́n jẹ́ kó wálẹ̀. Bọ́ọ̀lù náà dìde wẹ́rẹ́, ó balẹ̀ ní bí ogójì ẹsẹ̀ bàtà síwájú, ó dúró sí ojú ọ̀nà gan-an. Wọ́n dá igi padà fún mi, wọ́n sì lọ jókòó láti parí ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ.