Ọjọ́ tí Wọ́n Ní A Fẹ́ Hú Òkú ní Ìkirè

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo wà lórí ìlà nínú báńkì kan. Ọkùnrin tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà rí bàbá arúgbó kan tó ń tẹ̀pá bọ̀, ó sì ké sí i pé, "Alàgbà, ẹ máa bọ̀ níwájú níbí." Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, ẹsẹ̀ mi ti gbé ìṣísẹ̀ kan síwájú. Obìnrin tó wà lẹ́yìn mi wò mí láti òkè délẹ̀. "Bọ̀dá, ẹ̀yin náà ni alàgbà?" Mo rẹ́rìn-ín, mo padà sí àyè mi, ṣùgbọ́n àyà mi ń lù kìkì. Kì í ṣe ìtìjú ló fà á. Ó ti tó ọdún mélòó kan tí ẹnikẹ́ni ti pè mí bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ ẹ̀rù tó máa ń bá orúkọ náà rìn kò tíì gbàgbé ọ̀nà ilé mi.

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ̀ ń ka èyí lè máa rò ó pé báwo ni wọ́n ṣe ń pe ọmọ ogún ọdún ní alàgbà. Nínú ìjọ tí wọ́n bí mi sí, èyí tí àwọn ará ìta ń pè ní Mọ́mọ́nì, ọ̀dọ́kùnrin a máa fi ilé sílẹ̀ fún ọdún méjì láti lọ wàásù. Méjì-méjì ni wọ́n ń rán wa. Ṣẹ́ẹ̀tì funfun la ń wọ̀, pẹ̀lú táì àti báàjì dúdú pélébé tó gbé oyè wa, Alàgbà, àti orúkọ wa sí àyà.

Èkó ni mo dàgbà sí. Wọ́n rán mi sí Àpòmù àti Ìkirè. Àpòmù là ń gbé, Ìkirè la ti ń ṣiṣẹ́ jù, ẹsẹ̀ wa ló sì ń gbé wa kiri inú ìlú. Títí di òní, mo lè di ojú mi kí n rí àwọn tó ń ta dòdò dúdú tí wọ́n ń sáré tẹ̀lé ọkọ̀ tó ń lọ sí Ifẹ̀, kí ata inú dòdò náà sì ta sí mi nímú. Oyè wa máa ń pa àwọn àgbà ibẹ̀ lẹ́rìn-ín. Bàbá kan tó ń sá kòkó síwájú ilé rẹ̀ kì í jẹ́ ká kọjá lásán.

"Alàgbà, ọmọ mélòó lo ti bí?"

"Mi ò tíì gbéyàwó, sà."

"Ha! Èmi tí mo bí mọ́kànlá wá ń jẹ́ kí ni?"

Kàlàbá ni ẹnìkejì mi, Alàgbà Okon, ti wá. Ó fẹ́ràn èdè Yorùbá ju bí èdè náà ṣe fẹ́ràn rẹ̀ lọ. Ó mọ ọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n ohùn a máa yẹ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Tó bá fẹ́ sọ pé Alàgbà lòun, Alágbàáà ló máa ń jáde, bí ẹni pé olórí àwọn eégún ló dé tòun ti táì lọ́rùn. Àwọn ọmọdé a fi ẹ̀rín yí nílẹ̀, wọn a sì máa sín in jẹ káàkiri àdúgbò: "Alágbàáà Okon! Alágbàáà Okon!"

Àwọn ọmọdé wọ̀nyí là ń kọ́ ní ọ̀sán Sátidé, lórí fàràǹdá Ìyá Tọ́pẹ́, olùkọ́ kan tó jẹ́ ọmọ ìjọ wa. Òun ló lọ gba àyè nílé kọ̀ọ̀kan, nítorí òfin wa ni pé a kò gbọdọ̀ kọ́ ọmọ ẹnikẹ́ni láì jẹ́ pé àwọn ará ilé rẹ̀ gbà. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ Mùsùlùmí. Mo rò pé iṣẹ́ àṣetiléwá tí a máa ń bá wọn ṣe kí a tó kọrin ni àwọn òbí wọn ń wò mọ́ wa lára. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ní kí wọ́n ká apá mọ́ àyà ká lè gbàdúrà, ọmọbìnrin kékeré kan tó ń jẹ́ Sìdíkátù wò mí tìyanu-tìyanu. "Ṣé ìrun la fẹ́ kí ni?"

Ọmọ ọdún méje ni. Màmá rẹ̀, Ṣakírá, ti kú ní ọdún tó ṣáájú, ọ̀dọ̀ àwọn òbí màmá rẹ̀ ló sì ń gbé. Kò sí ohun tí a sọ tí kì í wádìí ìdí rẹ̀. Kí n sọ òótọ́, mo máa ń bẹ̀rù kíkọ́ ọmọdé ju kíkọ́ àgbà lọ. Àgbàlagbà á bá ọ jiyàn, á sì lọ jẹun. Ọmọdé á gbà ọ́ gbọ́, á sì lọ fi ohun tó gbọ́ ṣe nǹkan.

Ní Sátidé kan, ọmọkùnrin kan béèrè pé, "Àwọn tó ti kú kí ẹ tó dé Ìkirè ńkọ́?"

Alàgbà Okon yára dáhùn, inú rẹ̀ dùn pé ìbéèrè náà yé òun. "A máa ń ṣe ìrìbọmi fún òkú."

Lọ́jọ́ náà, ohùn rẹ̀ kò yẹ̀ rárá. Èmi náà fi kún un pé ẹni tó wà láàyè ló ń wọ inú omi dípò ẹni tó ti kú, ṣùgbọ́n òjò ti ṣú, wọ́n ti ń du bàtà mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ẹ wo ọ̀rọ̀ kékeré náà, "fún". Bí a bá ní wọ́n ṣe ìrìbọmi fún ọmọ, ọmọ náà gan-an ló wọ inú omi. Kí ni ẹni tó bá gbọ́ "fún òkú" yóò wá rò?

Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, fàràǹdá Ìyá Tọ́pẹ́ ṣófo. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ pé ó lọ kí ẹbí rẹ̀ ní Wásinmi. Kò sí ohùn ọmọ kankan ládùúgbò. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin tó wà ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì òdìkejì ọ̀nà dìde lẹ́ẹ̀kan náà.

"Àwọn nìyẹn."

Wọ́n yí wa ká. Ọ̀kan nínú wọn fa táì mi díẹ̀. "Ẹ̀yin ọmọ Yàúù tó múra bíi lọ́yà, òkú ta lẹ wá hú?" Òmíràn kọjú sí Okon. "Bros, wetin una wan use dead body do?" Ẹ̀rín tí Okon fẹ́ fi kí i kú sí i lẹ́nu. Ẹnì kan ti gbé fóònù sókè, ó ń ká wa sílẹ̀. Ẹnì kan sì ń fi ẹsẹ̀ yí táyà ògbólógbòó kan bọ̀ láti ṣọ́ọ̀bù náà. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ibòmíràn ló ń yí i lọ. Ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì ni, táyà kì í wọ́n níbẹ̀. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún ara mi, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé táyà ni wọ́n máa ń fi dáná sun ẹni tí wọ́n bá pè ní olè.

Àgbàlagbà kan láàrin wọn ló ní, "Ẹ mú wọn lọ bá Bàbá Ṣakírá. Kí wọ́n lọ fi ẹnu ara wọn sọ ọ́."

Bàbá àgbà Sìdíkátù ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ni wọ́n mú wa lọ. Sàréè Ṣakírá wà lábẹ́ igi máńgòrò níbẹ̀, erùpẹ̀ orí rẹ̀ tutù, ó dúdú, abọ́ ike kan sì dojú dé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìyá àgbà, tí etí rẹ̀ kò gbọ́ dáadáa mọ́, ń káwọ́ lérí, ó ń ké. Láàárọ̀ ọjọ́ náà ló bá Sìdíkátù níbi tó ti ń da omi sórí sàréè. Ó bi í pé ta ló rán an, ọmọ náà sì dárúkọ Okon bí wọ́n ṣe máa ń sín in jẹ, ó ní Okon sọ pé àwọn ń ṣe ìrìbọmi fún òkú.

"Alágbàáà ló rán an!" ni ìyá náà ń pariwo. "Kí ni eégún fẹ́ fi ọmọ mi ṣe? Ṣé wọ́n fẹ́ gbé e jáde ni?"

Orí ẹní ni bàbá jókòó sí, tẹ̀sùbáà wà lọ́wọ́ rẹ̀. A dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Èwo nínú yín ló gbọ́ Yorùbá?"

"Èmi ni, sà."

"Sọ ọ́ kó yé mi. Kí lẹ fẹ́ fi ọmọ mi ṣe nínú sàréè?"

Ọ̀nà àbáyọ kan wà, mo rí i: kí n ní kò sí ohun tó jọ bẹ́ẹ̀ nínú ẹ̀sìn wa. Irọ́ náà ì bá gbà wá lọ́jọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n Sìdíkátù dúró sí ẹnu ọ̀nà, ó ń wo ẹnu mi.

"Bàbá, a ò ní fọwọ́ kan sàréè. A ò ní fọwọ́ kan òkú. Alààyè ló ń wọ omi, wọn á sì dárúkọ ẹni tó ti kú. Ẹbí ló máa ń béèrè fún un. Ẹ̀yin ò béèrè, sà."

Ó yí tẹ̀sùbáà rẹ̀ díẹ̀. "Tí ẹ bá ṣe é, tí òkú ní òun ò fẹ́ ńkọ́?"

"Ó lè kọ̀ ọ́, sà. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ́ wa."

Mo rí i tí èjìká bàbá ń mì, mo rò pé ẹkún ni.

"Ìyá Ṣakírá, o gbọ́? Wọ́n ní ó lè kọ̀ ọ́."

"Wọ́n ní kí ni?"

"Wọ́n ní Ṣakírá lè kọ̀!"

Ìyá àgbà sọ ọwọ́ kalẹ̀ lórí. "Ṣakírá? Ṣakírá tó kọ ọkọ mẹ́ta, tó dá owó orí padà fún ìkẹrin? Ta ló fẹ́ fi tipátipá rì í bọ nǹkan kan?"

Ẹ̀rín sọ. Ẹni tó ń ká wa sílẹ̀ sọ fóònù sápò. Ẹni tó yí táyà kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó fi ìdí jókòó lé e lórí. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Ìgbà náà ni Sìdíkátù bú sẹ́kún.

"Ṣé iná náà ti wá kú?"

"Iná wo?" ni bàbá bi í.

"Èyí tó ń jó màámi. Wàídì tí a jọ ń lọ ilé kéú ní iná wà nísàlẹ̀ níbẹ̀. Mo ń da omi sí i láràárọ̀, mi ò mọ̀ bóyá ó ń dé ọ̀dọ̀ wọn."

Nínú gbogbo wa tí ẹ̀rù ń bà lẹ́yìnkùlé yẹn, òun ni ẹ̀rù ti ń bà jù, ó sì ti pẹ́ tó ti ń dá a gbé. Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Bàbá dìde. Ó mú ọmọ náà lọ́wọ́, ó kúnlẹ̀ ti sàréè, ó sì tẹ àtẹ́lẹwọ́ kékeré náà mọ́ erùpẹ̀.

"Báwo ló ṣe rí?"

"Ó tutù, sà."

"Ṣé ilẹ̀ tí iná wà nísàlẹ̀ ẹ̀ máa ń tutù?"

Ọmọ náà mi orí, ṣùgbọ́n èmi ló ń wò. Bàbá yí ojú sí mi. "Alàgbà, ìwọ náà wá fọwọ́ bà á."

Mo kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀. Erùpẹ̀ náà tutù bí ìdí ìkòkò omi. Mo mọ ohun tó mú un tutù, abọ́ ike náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúnkún mi. Bàbá náà mọ̀. A wo ojú ara wa.

"Ó tutù, sà," ni mo wí.

Òun fúnra rẹ̀ ló sìn wá dé títì, ó di ọrùn ọwọ́ mi mú títí ọkọ̀ Àpòmù fi dé. "Ọmọ mi ò ní wá sọ́dọ̀ yín mọ́," ni ó wí. "Kì í ṣe ìjà."

Mo ti parí yunifásítì báyìí. Mo ti kọ́ láti bi ẹni tó bá sọ nǹkan pé kí ni ẹ̀rí rẹ̀, mo sì mọ̀ pé ohun tí mo sọ lórí sàréè lọ́jọ́ náà kì í ṣe ẹ̀rí ohunkóhun. Àwọn ọmọdé òde òní ń rí ohun tó ń dẹ́rù bà wọ́n lórí fóònù, wọn kò nílò Wàídì mọ́. Ṣùgbọ́n mo ṣàkíyèsí pé ojú àgbà tó wà nítòsí ni wọ́n ṣì ń wò, láti mọ̀ bóyá òun náà gbà á gbọ́.

Láìpẹ́ yìí, mo bá Ìyá Tọ́pẹ́ sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ó ní Sìdíkátù ti wọ ilé ìwé girama, ó ti ga ju ìyá àgbà rẹ̀ lọ, kò sì sí olùkọ́ tí kì í bá jiyàn. Mo béèrè bóyá ó ṣì ń da omi sórí sàréè.

"Rárá o," ni Ìyá Tọ́pẹ́ dáhùn. "Ó ti fi sílẹ̀ tipẹ́. Àfi nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí ilẹ̀ bá ti ń gbóná."