Òkúta tí Alájì Gbé Sáàárín Ọ̀nà

Nígbà tí mo wà ní kékeré, búrẹ́dì ni wọ́n fi ń pìtàn ogun fún wa. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin tí ẹ ń wo ogun lórí fóònù bí ẹni ń wo bọ́ọ̀lù, ẹ fara balẹ̀ kí n sọ tiwa, torí ó ti ń rẹ̀ mí láti máa dá a rántí.

Bàbá kan wà ládùúgbò wa ní Èjìgbò níbí, Alájì ni gbogbo wa ń pè é. Ó lọ sí Mẹ́kà nígbà ọ̀dọ́, kò sì tètè padà. Ọ̀dọ̀ oníbúrẹ́dì kan ló ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ọkùnrin Páṣítúnì, ará àwọn òkè Afganístàn. Nígbà tó máa padà wálé, ó kó iṣẹ́ búrẹ́dì bọ̀, ó sì kó ìtàn ogun àwọn èèyàn ọkùnrin náà mọ́ ọn. Ní ìrọ̀lẹ́, a ó yí i ká. Á bu nínú ìyẹ̀fun tó ti pò, á fi mọ òkè méjì sórí tábìlì, á fi ìka la ọ̀nà tóóró sáàárín wọn. Ẹ̀pà ni ọmọ ogun. Ọba ńlá kan láti ilẹ̀ ibòmíràn, láyé àtijọ́ tí ìbọn ò tíì dé, á kó ẹ̀pà rẹ̀ gba ọ̀nà náà. Àwọn ará òkè á sì máa yí òkúta lé wọn lórí. Ẹ̀pà á fọ́n ká. Àwa náà á sáré ṣa òkú ogun jẹ.

"Alájì, bí ọba yẹn bá ti sá lọ, ṣé wọ́n á wá sinmi?"

"Sinmi kẹ̀! Bí àlejò bá ti lọ tán, wọ́n á padà sórí ìjà tara wọn. Ọmọ bàbá kan náà o! Nítorí ilẹ̀, nítorí omi, nítorí ọ̀rọ̀ tí bàbá àgbà ẹnì kan sọ sí ti ẹnì kejì. Ẹni tó pànìyàn ti kú, ẹni tí wọ́n pa ti jẹrà, àwọn ọmọ-ọmọ ṣì ń ṣọ́ ara wọn lẹ́yìn ògiri." Á wá wojú wa. "Ẹ rò pé ibi tó jìnnà ni mò ń sọ."

Kò jìnnà lóòótọ́. Ilé bàbá mi àti ilé tí wọ́n ti bí ìyá mi kọjú síra ni, ọ̀nà kan ló là wọ́n láàárín. Oko wọn náà fara kanra lọ́nà Ifẹ̀-Ọ̀dàn, pèrègún ni ààlà. Lọ́dún kan, wọ́n débẹ̀, pèrègún ò sí mọ́. Ẹni tó hú u, títí dòní, Ọlọ́run ló mọ̀ ọ́n. Ni igi obì tó wà létí ààlà bá di "tiwa ni, tiwa ni". Kùmọ̀ jáde. Wọ́n fọ́ ẹ̀gbọ́n ìyá mi lórí. Àbúrò bàbá mi ò lè fọwọ́ ọ̀tún jẹun fún ìgbà pípẹ́. Ilé méjèèjì búra pé ará ọ̀hún ò gbọdọ̀ tẹ ilé àwọn.

Alájì ló pa iná náà. Òun àtàwọn àgbà àdúgbò yí òkúta ńlá kan wá, wọ́n gbé e sáàárín ọ̀nà. Ó ní bí wọ́n ti ń ṣe lórí òkè ọ̀hún nìyẹn: bí àgbà bá ti gbé òkúta kalẹ̀, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbọ́wọ́ sókè mọ́ títí wọ́n á fi jókòó parí ọ̀rọ̀. Ọjọ́ tó bá parí, wọ́n á gbé òkúta kúrò. Ilé méjèèjì gbà. Ìjà sì dáwọ́ dúró.

Ibi tí a ti ṣì í nìyí o. Ti àwọn ará òkè, bí wọ́n bá gbé òkúta tán, wọ́n á jókòó. Àwa gbé òkúta tán, a wá ń wo ara wa. Ta ni yóò kọ́kọ́ pe ìpàdé? Lójú ilé méjèèjì, ẹni tó bá kọ́kọ́ la ẹnu ló jẹ̀bi. Bí òkúta ṣe di ògiri nìyẹn. Bí ìyá mi bá fẹ́ kí ìyá tó bí i, ìta ilé wa ló ti ń juwọ́, bí ẹni ń juwọ́ sí èrò ọkọ̀.

Ìyá àgbà wá dùbúlẹ̀ àìsàn. Ikọ́ rẹ̀ ń dún délé wa. Ìyá mi á máa gúnyán, á dá ọmọ odó dúró, á tẹ́tí, á tún máa gún un lọ.

Lọ́jọ́ kan ó fà mí lọ́wọ́ lọ ra búrẹ́dì. "Alájì, nínú gbogbo ogun tí ẹ ń sọ yìí, ṣé wọn ò ní obìnrin ni? Bí èèyàn bá fẹ́ kọjá sọ́dọ̀ ọ̀tá ńkọ́?"

Alájì yọwọ́ nínú ìyẹ̀fun. Ó ní bí ọ̀tá bá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọlé ẹni, tó ní òun sá wá bá ẹni, àwọn Páṣítúnì ò gbọdọ̀ lé e. Wọn á fún un lómi, wọn á dáàbò bò ó, wọn ì báà ti máa wá ẹ̀mí rẹ̀ kiri lánàá.

Ìyá mi gba búrẹ́dì. A ò yà sílé. Ọ̀sán gangan, ó fà mí kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta náà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, olórí fífọ́, ló jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Ìyá mi kúnlẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo sá wá bá yín ni."

"Ta ló ń lé ọ?"

"Ikọ́ ìyá wa ni."

Ó fọwọ́ pa àpá orí rẹ̀. "Ẹni tó ń sá ló tún dúró ra búrẹ́dì? Sísá tìrẹ mà rọrùn o." Ó pe ìyàwó rẹ̀ pé kó bu omi wá.

Ìyá àgbà di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú lórí ẹní. Ohun tó sọ ò ju, "O mà pẹ́ lọ́nà o."

Nígbà tí a jáde, bàbá mi àtàwọn àbúrò rẹ̀ ti tò sẹ́nu ọ̀nà tiwa, ojú wọn le koko. Ìyá mi tún kúnlẹ̀. "Olówó orí mi, mo sá wá bá yín ni." Bàbá mi fẹ́ bínú, ẹ̀rín gbà á mọ́ ọn lẹ́nu. "Obìnrin yìí, ibo gan-an lo ti ń sá bọ̀, ibo lo ń sá lọ?" Ó yà fún un. Ìyá mi ló tọ́jú ìyá rẹ̀ títí ọlọ́jọ́ fi dé. Látìgbà náà, obìnrin àtọmọdé ń kọjá. Àwọn ọkùnrin ò jókòó, òkúta ò kúrò.

Ó ṣì wà níbẹ̀. Alájì ti lọ, ààrò rẹ̀ ti wó. Igbó ti bo oko tí wọ́n torí ẹ̀ fọ́ orí. Ilé bàbá mi ti tú lọ sí Àbíjàn. Bí àwọn ọmọ wọn bá wá ọdún, orí òkúta yẹn ni wọ́n ń jókòó ya fọ́tò. Àwọn ọlọ́kadà ń ṣépè fún un.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi nìkan ló kù nínú àwọn tó yọ kùmọ̀. Mo gbé búrẹ́dì lọ bá a láìpẹ́ yìí. Mo ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká gbé òkúta yìí kúrò."

"Ẹ gbé e. Kí àwọn ọ̀hún ṣáà kọ́kọ́ wá sọ̀rọ̀."

"Bàbá, kò sẹ́nì kan lọ́hùn-ún mọ́. Alángbá ló ń gbébẹ̀."

Ó rò ó díẹ̀. "Kí alángbá wá."

"Èmi ńkọ́? Ṣebí ọmọ ọ̀hún ni mí."

"Ìwọ? Ìwọ tí ò ń gbé búrẹ́dì wá fún mi? O kì í ṣe ará ọ̀hún."

Mo rẹ́rìn-ín débi tí omi fi bọ́ lójú mi. Bí mo ti padà délé mi ní àdúgbò kejì, rédíò tún ń dárúkọ àwọn òkè inú ìtàn Alájì, wọ́n ní ọkọ̀ òfuurufú kan tí kò sí awakọ̀ nínú rẹ̀ fò kọjá lójú ọ̀run, ó sì ju iná sílẹ̀. Láyé ìtàn ẹ̀pà wa, ọ̀tá ní ojú, ó nílé, ó ní ìyàwó tó lè bu omi. Ẹ̀yin ọmọ, orúnkún mi ń dùn mí lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ṣì lè kúnlẹ̀. Ẹnu ọ̀nà tí n ó kúnlẹ̀ sí ni mi ò rí mọ́.